Pápá líle lọ́dún 2005: Àwọn ìfigagbága tẹ́nìsì ọkùnrin tí kò ṣeé gbàgbé, àti ohun tí wọ́n gbà lára àwọn tó gbá wọn

Àwọn àgbà ló máa ń sọ pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí nínú eré ìdárayá, kí ó padà sí ọdún 2005, kí ó wo tẹ́nìsì àwọn ọkùnrin tó ń fi eré náà jẹun. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún náà títí dé òpin rẹ̀, Roger Federer, ọmọ ilẹ̀ Switzerland, ló wà nípò kìn-ín-ní lágbàáyé. Ìgbà 81 ló borí, ìgbà 4 péré ni wọ́n nà án. Nínú ìgbà 4 yìí, ẹyọ kan ṣoṣo ló ṣẹlẹ̀ lórí pápá líle, àmì kan péré ló sì kù kí èyí náà má ṣẹlẹ̀ rárá.

Ohun tí a fẹ́ ṣe ni pé kí á to àwọn ìfigagbága tó lágbára jù lórí pápá líle lọ́dún náà lẹ́sẹẹsẹ, kí ẹni tí kò rí wọn lè mọ̀, kí ẹni tó rí wọn sì lè rántí. Bí ẹ bá ka ìròyìn yìí délẹ̀, ẹ ó rí i pé kò sí èyí tó rọrùn fún ẹni tó borí níbẹ̀, àti pé orúnkún, ẹ̀yìn àti àtẹ́lẹsẹ̀ ni àwọn mìíràn fi san gbèsè rẹ̀.

Kí ni wọ́n ń pè ní pápá líle?

Orí ilẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n ti sábà máa ń gbá tẹ́nìsì: orí koríko bíi ti Wimbledon, orí amọ̀ pupa bíi ti ìlú Paris, àti orí ilẹ̀ líle. Kọnkéré tàbí ọ̀dà bíi ti títì ni ìsàlẹ̀ ilẹ̀ líle. Lórí rẹ̀ ni wọ́n á ti fi ọ̀dà tó nípọn, tí wọ́n po mọ́ yanrìn, kùn ún ní ìpele ìpele. Bọ́ọ̀lù kì í yára níbẹ̀ tó ti orí koríko, kì í sì í falẹ̀ tó ti orí amọ̀. Bó ṣe ń ta sókè lónìí náà ni yóò ta lọ́la, nítorí náà kò sí àwáwí fún ẹni tí wọ́n bá nà. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ náà kò láàánú. Lórí amọ̀, eléré lè fi ẹsẹ̀ yọ̀ lọ bá bọ́ọ̀lù. Lórí ilẹ̀ líle, bó bá sáré, ó ní láti dúró gbọn-in, orúnkún, ọrùn-ẹsẹ̀ àti ẹ̀yìn rẹ̀ ni yóò sì gba gbogbo ẹrù náà.

Méjì nínú ìdíje ńlá mẹ́rin tó wà nínú tẹ́nìsì ni wọ́n ń gbá lórí ilẹ̀ líle: ti ilẹ̀ Ọsirélíà ní ìlú Melbourne láti ọdún 1988, àti ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, US Open, ní New York láti ọdún 1978. Lọ́dún 2005, ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Rebound Ace, tí rọ́bà wà nínú rẹ̀, ni wọ́n ń lò ní Melbourne. Ní New York, DecoTurf ni. Ọdún náà sì ni wọ́n kọ́kọ́ fi ọ̀dà aláwọ̀ búlúù kun àárín pápá New York, kí àwọn tó ń wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n lè máa rí bọ́ọ̀lù dáadáa.

Fún ẹni tí kò bá mọ òfin eré náà, sẹ́ẹ̀tì márùn-ún ni wọ́n ń gbá nínú àwọn ìdíje ńlá, ẹni tó bá kọ́kọ́ gba mẹ́ta ló borí. Géèmù mẹ́fà ló máa ń gbé ènìyàn gba sẹ́ẹ̀tì kan, bí ó bá ti fi méjì ju ẹnìkejì rẹ̀ lọ. Bí ó bá di 6–6, géèmù àfikún kan tí wọ́n ń pè ní tie-break ni wọ́n fi ń parí rẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ ní àmì 7, tó sì fi àmì 2 ju ẹnìkejì lọ, ló ni sẹ́ẹ̀tì náà.

Melbourne: Ọjọ́ ìbí Safin

Marat Safin, ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà, ga fíofío, ọwọ́ rẹ̀ le, inú rẹ̀ sì máa ń tètè bí. Ó ti gba US Open lọ́dún 2000, nígbà tó na Pete Sampras nínú àṣekágbá, àmọ́ láti ìgbà náà ni gbogbo ayé ti ń retí ife-ẹ̀yẹ ńlá kejì lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́dún 2004, Federer nà án nínú àṣekágbá ní Melbourne yìí kan náà. Ní ọjọ́ 27, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2005, wọ́n tún pàdé ní sẹ́mì-fáínà. Ọjọ́ náà gan-an ni Safin pé ọmọ ọdún 25. Federer ní tirẹ̀ ti borí nínú ìfigagbága 26 léraléra. Ṣùgbọ́n Peter Lundgren, akọ́nimọ̀ọ́gbá tó wà lẹ́yìn Federer nígbà tó kọ́kọ́ gba Wimbledon lọ́dún 2003, ti di akọ́nimọ̀ọ́gbá Safin. Ẹni tó mọ gbogbo kọ̀rọ̀ ilé ló wá ń júwe rẹ̀ fún àlejò.

Federer gba sẹ́ẹ̀tì kìn-ín-ní, 7–5. Safin gba ìkejì, 6–4. Federer tún gba ìkẹta, 7–5. Ìkẹrin di tie-break, Federer sì ti ní àmì 5 níbi tí Safin ti ní 2. Safin lé e bá, àmọ́ Federer tún lọ síwájú, ó di 6–5. Àmì kan ṣoṣo ló kù kó fi wọ àṣekágbá. Ó sún mọ́ àwọ̀n. Safin gbé bọ́ọ̀lù gba òkè orí rẹ̀ kọjá. Federer sáré tẹ̀lé e, ó kẹ̀yìn sí àwọ̀n, ó sì fẹ́ gbá a padà láti àárín ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Kò bọ́ sí i. Láti ibẹ̀ ni ìlù ti yí padà. Safin gba tie-break náà, 8–6.

Nígbà náà, kò sí tie-break nínú sẹ́ẹ̀tì karùn-ún ní Melbourne. Wọ́n á máa gbá a lọ ni títí ẹnìkan yóò fi fi géèmù méjì ju ẹnìkejì lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni Safin ní àmì tó kù kó fi borí, ẹ̀ẹ̀mẹfà ni Federer yọ́ bọ́. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀keje, Federer ṣubú sílẹ̀ níbi tó ti ń sá lé bọ́ọ̀lù, Safin sì gbá a sí ibi tí kò sẹ́nì kankan. Ó parí sí 9–7, lẹ́yìn wákàtí 4 àti ìṣẹ́jú 28.

Ọjọ́ 30 oṣù náà ni àṣekágbá, Lleyton Hewitt sì ni Safin bá níbẹ̀. Òun ni ọkùnrin ilẹ̀ Ọsirélíà àkọ́kọ́ tó dé ibẹ̀ láti ìgbà Pat Cash lọ́dún 1988. Kì í ṣe pé Hewitt rọ́nà gbà lọ́fẹ̀ẹ́: sẹ́ẹ̀tì márùn-ún ló gbá kó tó na Rafael Nadal, ó tún gbá márùn-ún mìíràn kó tó na David Nalbandian, èyí tó parí sí 10–8. Ó gba sẹ́ẹ̀tì kìn-ín-ní lọ́wọ́ Safin, 6–1, ṣùgbọ́n Safin gba mẹ́ta tó tẹ̀lé e, 6–3, 6–4, 6–4. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ lọ́jọ́ ayọ̀ náà ni pé ife-ẹ̀yẹ ìkẹyìn tí Safin yóò gbà nìyẹn. Orúnkún rẹ̀ dá a jókòó láti oṣù kẹjọ ọdún náà, kò lè padà wá sí Melbourne lọ́dún 2006 láti gbèjà ife rẹ̀, kò sì gba ife kankan mọ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì lọ́dún 2009.

Miami: Ọmọ ọdún 18 tó mú Federer làágùn

Lẹ́yìn Melbourne, Federer tún gbéra sọ. Nígbà tó di ọjọ́ 3, oṣù kẹrin, ó bá ọmọdé kan láti ilẹ̀ Sípéènì pàdé nínú àṣekágbá ìdíje Miami, ní erékùṣù Key Biscayne. Rafael Nadal lorúkọ rẹ̀, ọmọ ọdún 18 ni. Ẹni tó bá rántí kò ní sọ pé ọmọdé lásán ni, nítorí pé ní Miami yìí kan náà lọ́dún 2004, ó ti na Federer, 6–3, 6–3. Síbẹ̀, àṣekágbá yàtọ̀, sẹ́ẹ̀tì márùn-ún ni wọ́n sì fi ń gbá àṣekágbá irú ìdíje bẹ́ẹ̀ nígbà náà.

Nadal gba sẹ́ẹ̀tì kìn-ín-ní, 6–2. Ó gba ìkejì nínú tie-break. Nínú ìkẹta, ó ti wà níwájú, 4–1. Inú bí Federer débi pé ó ju rákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ mọ́lẹ̀, ohun tí wọn kì í sábà rí lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́ nígbà náà. Lẹ́yìn èyí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í padà bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Sẹ́ẹ̀tì náà di tie-break, Nadal tún wà níwájú, 5–3. Àmì méjì péré ló kù fún un. Federer gba mẹ́rin léraléra, ó di 7–5. Àwọn méjì tó kù kò le mọ́, 6–3, 6–1. Agbára ọmọdé ti tán.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ kò pẹ́ kó tó hàn. Ní oṣù kẹfà, Nadal na Federer ní sẹ́mì-fáínà ní Paris lórí amọ̀, lọ́jọ́ tó pé ọmọ ọdún 19, ó sì gba ife náà. Láti ọdún 2008, sẹ́ẹ̀tì mẹ́ta péré ni wọ́n ń fi gbá àṣekágbá àwọn ìdíje bíi ti Miami. Bí ó bá jẹ́ pé òfin yìí ló wà lọ́dún 2005, Nadal ni ì bá gba ife ọjọ́ náà.

Montreal: Ọdún 16 ló wà láàárín wọn

Títí di oṣù kẹjọ, orí amọ̀ nìkan ni Nadal ti ń gba ife. Àwọn kan ti ń sọ pé bí ilẹ̀ bá ti le, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti parí. Ní ọjọ́ 14, oṣù kẹjọ, ní ìlú Montreal lórílẹ̀-èdè Kánádà, ó bá Andre Agassi, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, pàdé fún ìgbà àkọ́kọ́. Ọmọ ọdún 35 ni Agassi, ọdún 16 ló sì fi ju Nadal lọ. Nadal gba sẹ́ẹ̀tì kìn-ín-ní, 6–3. Agassi gba ìkejì, 6–4. Nadal gba ìkẹta, 6–2. Ife-ẹ̀yẹ àkọ́kọ́ tí Nadal gbà lórí ilẹ̀ líle nìyẹn.

New York: Òru tí Agassi àti Blake kò fẹ́ sùn

Pápá tó tóbi jù ní New York ni wọ́n fi sọrí Arthur Ashe, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gba US Open àti Wimbledon láàárín àwọn ọkùnrin. Àwọn àgbà ní Èkó kò ní gbàgbé pé ọkùnrin yìí wá gbá tẹ́nìsì ní ìlú wọn ní oṣù kejì, ọdún 1976, àti pé àwọn ọmọ ogun ló wá dá eré òun àti Jeff Borowiak dúró, lẹ́yìn tí wọ́n pa Ọ̀gágun Murtala Muhammed.

Nínú pápá Ashe yìí ni James Blake, aláwọ̀ dúdú ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ti bá Agassi pàdé ní kọ́tà-fáínà, lálẹ́ ọjọ́ 7, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2005. Ohun tí Blake ti rí kọjá kì í ṣe kékeré. Ní ọdún 2004, nígbà tó ń ṣe ìgbáradì ní ìlú Rome, ó forí sọ òpó tó gbé àwọ̀n dúró, eegun ọrùn rẹ̀ sì fọ́. Ní oṣù keje ọdún náà, àrùn jẹjẹrẹ pa bàbá rẹ̀. Kò pẹ́ sí i, àìsàn mìíràn mú un, apá kan ojú rẹ̀ sì rọ. Ipò rẹ̀ lágbàáyé já wálẹ̀ kọjá 200. Àánú ni àwọn alákòóso ìdíje náà fi fún un láyè láti wọlé, ó sì ti na Nadal, tí wọ́n tò sípò kejì, kó tó dé ọ̀dọ̀ Agassi.

Blake gba sẹ́ẹ̀tì méjì àkọ́kọ́, 6–3, 6–3. Ó ń gbá bọ́ọ̀lù bí ẹni tí ẹnikẹ́ni kò lè dá dúró. Agassi kò bínú, kò sì kánjú. Ó gba ìkẹta, 6–3, ó gba ìkẹrin, 6–3. Nínú ìkarùn-ún, Blake wà níwájú, 5–4, òun ló sì kàn láti ṣe sáàfù. Bí ó bá ti gba géèmù yẹn, ó parí. Agassi gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó di 6–6, nítorí pé New York ní tirẹ̀ ti ń lo tie-break nínú sẹ́ẹ̀tì ìkẹyìn láti ọdún 1970. Àwọn méjèèjì tún ta á títí ó fi di 6–6 nínú tie-break náà. Agassi dá sáàfù Blake padà lọ́nà tí ọwọ́ Blake kò lè tó o, ó sì parí sí 8–6.

Aago kan òru ti kọjá, síbẹ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún òǹwòran kò tíì lọ sílé. Nígbà tí wọ́n fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn sí Agassi lẹ́nu, ohun tó sọ ni pé kì í ṣe òun ló borí, tẹ́nìsì ló borí. Blake kò sunkún. Nígbà tó di ọdún 2006, ó gòkè dé ipò kẹrin lágbàáyé.

Agassi kò sinmi. Sẹ́ẹ̀tì márùn-ún ló gbá kó tó na Xavier Malisse ṣáájú Blake, márùn-ún ló tún gbá kó tó na Robby Ginepri ní sẹ́mì-fáínà. Márùn-ún lọ́nà mẹ́ta nìyẹn, pẹ̀lú ẹ̀yìn tó ń dùn ún débi pé abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń gún un láti lè dúró. Ní ọjọ́ 11, oṣù kẹsàn-án, ó bá Federer nínú àṣekágbá. Federer gba ìkìn-ín-ní, 6–3. Agassi gba ìkejì, 6–2. Nínú ìkẹta, Agassi wà níwájú, 4–2, ariwo àwọn òǹwòran sì ń mi pápá tìtì. Federer lé e bá, ó gba tie-break, 7–1, ó sì gba ìkẹrin, 6–1. Lẹ́yìn náà, Agassi sọ pé nínú gbogbo àwọn tí òun ti bá gbá, kò sí ẹni tó dára tó Federer. Àṣekágbá ìdíje ńlá tó dé kẹ́yìn nìyẹn. Ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀, nínú pápá kan náà, ó sọ pé ó dìgbóṣe.

Madrid: Ife tí Nadal fi àtẹ́lẹsẹ̀ rà

Ivan Ljubičić, ọmọ ilẹ̀ Croatia, ló kù. Ìlú Banja Luka ní Bosnia ni wọ́n bí i sí. Ogun ló lé òun àti àwọn ẹbí rẹ̀ kúrò níbẹ̀ lọ́dún 1992, nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 13. Ní oṣù kẹta ọdún 2005, ní ìlú Carson nílẹ̀ Amẹ́ríkà, lórí ilẹ̀ líle, ó na Agassi àti Andy Roddick, ó sì tún borí nínú eré ẹlẹ́ni méjì méjì, ni Croatia bá fi 3–2 lé Amẹ́ríkà jáde nínú Davis Cup. Croatia ló gba ife náà nígbẹ̀yìn ọdún.

Ní ọjọ́ 23, oṣù kẹwàá, ó bá Nadal nínú àṣekágbá ní ìlú Madrid, lórí ilẹ̀ líle tó wà lábẹ́ òrùlé. Níwájú àwọn ará ilé Nadal, ó gba sẹ́ẹ̀tì méjì àkọ́kọ́, 6–3, 6–2. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Nadal ní Miami, ó wá ṣe é fún ẹlòmíràn. Ó gba ìkẹta, 6–3, ó gba ìkẹrin, 6–4, ó sì gba ìkarùn-ún nínú tie-break, 7–3. Ife kọkànlá tí Nadal gbà lọ́dún náà nìyẹn, iye kan náà tí Federer gbà.

Àmọ́ ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ti fara pa. Kò gbá bọ́ọ̀lù mọ́ títí di oṣù kejì, ọdún 2006, Melbourne sì lọ láìsí i níbẹ̀. Nígbà tí Nadal fẹ̀yìn tì lọ́dún 2024, ife 92 ló ti gbà, ṣùgbọ́n ti Madrid ọdún 2005 nìkan ló gbà lórí ilẹ̀ líle tó wà lábẹ́ òrùlé.

Ohun tí a rí kọ́

Àwọn kan lè béèrè pé àṣekágbá ìlú Shanghai ńkọ́, níbi tí Nalbandian ti na Federer ní ọjọ́ 20, oṣù kọkànlá, lẹ́yìn tí Federer ti gba sẹ́ẹ̀tì méjì àkọ́kọ́. Ìfigagbága ńlá ni lóòótọ́, òun ni kò sì jẹ́ kí Federer dọ́gba pẹ̀lú ìtàn tí John McEnroe kọ lọ́dún 1984, nígbà tó borí lẹ́ẹ̀mejìlélọ́gọ́rin, tí wọ́n sì nà án lẹ́ẹ̀mẹta péré. Ṣùgbọ́n orí kápẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti gbá a, kì í ṣe orí ilẹ̀ líle. Orí amọ̀ ni Richard Gasquet àti Nadal ti na Federer lọ́dún náà. Safin nìkan ló kù.

Òfin ti yí padà láti ìgbà náà. Láti ọdún 2022, gbogbo ìdíje ńlá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń lo tie-break alámì 10 bí sẹ́ẹ̀tì ìkẹyìn bá di 6–6. Kò lè sí 9–7 bíi ti Safin mọ́. Bóyá ó dára bẹ́ẹ̀ fún ara àwọn eléré, nítorí pé bí a bá wo ọdún 2005 dáadáa, Safin fi orúnkún sílẹ̀, Nadal fi ẹsẹ̀ sílẹ̀, Agassi sì fi ẹ̀yìn gbé ẹrù rẹ̀ dé òpin.

Ẹni tó wà níwájú pẹ̀lú sẹ́ẹ̀tì méjì ní Miami, ní New York àti ní Madrid, kò sí ìkankan nínú wọn tó borí. Ẹni tí àmì kan kù fún ní Melbourne náà kò borí. Ìdí nìyí tí a fi sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe dìde lórí àga nígbà tó bá di 6–6. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.